Òkè Tí A Kì Í Wọ Bàtà Gùn: Ìtàn Págódà Shwedagon ní Ìlú Yangon

Ìfáàrà

Ní sáà kan, mo kọ orúkọ mẹ́ta sí ojú pátákó ní kíláàsì wa: Dodan, Arakan, Myohaung. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ èdè tí wọ́n rò pé orúkọ náà ti wá. Ọ̀kan ní Háúsá ni. Òmíràn, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Èkó, ní Yorùbá ni Dodan, torí pé bàbá òun máa ń pè é bí ẹni ń pe orúkọ àdúgbò. N kò bá a wí. Dodan Barracks wà ní Ìkòyí, níbi tí àwọn olórí ìjọba ológun ti ṣàkóso Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1991. Arakan Barracks wà ní Àpápá, Myohaung Barracks sì wà ní Yábàá. Ọmọ Èkó wo ni kò mọ ọ̀kan nínú wọn? Síbẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ Yorùbá tàbí Háúsá níbẹ̀. Ilẹ̀ Bọ́mà, ní Éṣíà lọ́hùn-ún, ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Àwọn ọmọ ogun wa ló gbé wọn wálé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Ní àdúgbò tí mo gbé dàgbà ní Ìbàdàn, bàbá àgbàlagbà kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Bọ́mà. Àwa ọmọdé kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn gan-an. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ní ilẹ̀ tí àwọn ti jagun, àwọn rí ilé ìsìn lórí òkè tí orí rẹ̀ ń dán bíi wúrà, àti pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ bàtà dé ibẹ̀, ìbáà ṣe ọlọ́lá. A máa ń rẹ́rìn-ín. A rò pé sójà ń sọ àsọdùn ni.

Ní ọdún 2018, ìpàdé àwọn olùkọ́ èdè gbé mi dé Bangkok ní Táílàǹdì. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kì í pẹ́ dé Yangon, ìlú tó tóbi jù lọ ní Bọ́mà. Mo bá ní kí n lọ fi ojú ara mi rí òkè tó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àti ohun tí mo kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ní ṣókí, ọ̀rọ̀ bàtà ni. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Lórí òkè yìí, ọ̀rọ̀ bàtà di ọ̀rọ̀ òmìnira.

Bí a ṣe ń gun òkè náà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ orúkọ. Bọ́mà ni àwọn bàbá wa mọ̀. Mìánmà ni orúkọ tí ìjọba ológun ibẹ̀ fún orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1989, ọdún yẹn náà ni Rangoon di Yangon. Yangon ni olú-ìlú títí ìjọba fi kó lọ sí Naypyidaw ní ìparí ọdún 2005. Òkè tí à ń sọ yìí, Singuttara ni wọ́n ń pè é. Kò ga bí Òkè Ìdànrè rárá; gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí 50 mítà lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìlú náà tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà, ibi yòówù kí o dúró sí, kò ní pẹ́ tí ojú rẹ yóò fi bá a. Lórí òkè yìí ni Págódà Shwedagon wà.

Kí ni págódà? Kì í ṣe ilé tí ènìyàn ń wọ inú rẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ó dà bí agogo ràgàjì kan tí a da ẹnu rẹ̀ dé ilẹ̀. Bíríkì ni wọ́n mọ kún inú rẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà sì gbàgbọ́ pé ohun mímọ́ wà ní abẹ́ bíríkì náà. Ènìyàn kì í wọlé. Yíyí ni a ń yí i po, kí ọwọ́ ọ̀tún wa sì wà ní ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Shwedagon fúnra rẹ̀ ga tó nǹkan bí 100 mítà láti orí òkè. Wúrà ni wọ́n fi bò ó láti ìdí dé òkè. Lórí ṣóńṣó rẹ̀ ni agboòrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní hti. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọba Yorùbá lábẹ́ agboòrùn ńlá, kò ní ṣòro fún yín láti mọ ìdí tí wọ́n fi ta agboòrùn sí orí ohun tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta iyebíye ló wà lára hti náà àti lókè rẹ̀, dáyámọ́ńdì kan tó wọn káràtì 76 sì wà ní orí pátápátá.

Ọ̀nà mẹ́rin ló gun òkè náà, ọ̀kan láti ìlà-oòrùn, ọ̀kan láti ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan láti àríwá, ọ̀kan láti gúúsù. Àkàbà tí a fi òrùlé bò ni gbogbo wọn. Ọ̀nà gúúsù ni mo gbà. Ère kìnnìún gàgàrà méjì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí ẹsẹ̀ mi tó kan àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, obìnrin kan na ìka sí bàtà mi. Mo bọ́ ọ. Ó tún na ìka sí ìbọ̀sẹ̀. Mo bọ́ òun náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní àpò láti kó wọn sí. Bí mo ṣe ń gòkè, àwọn ìyálọ́jà ń ta òdòdó, àbẹ́là àti ère kéékèèké lọ́tùn-ún lósì, gẹ́gẹ́ bí ọjà ṣe máa ń wà ní ẹnu ọ̀nà ibi ìjọsìn ńlá gbogbo.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ, mo sì dúpẹ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òkúta mábù ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ òkè náà. Bí oòrùn bá mú, ẹsẹ̀ lásán kò ní lè dúró lórí rẹ̀ pẹ́.

Ní àyíká págódà náà, ojúbọ mẹ́jọ wà fún ọjọ́ tí wọ́n bí ènìyàn. Mẹ́jọ kẹ̀? Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀! Ọjọ́rú ni wọ́n pín sí méjì: ọjọ́rú òwúrọ̀ àti ọjọ́rú ọ̀sán. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹranko tirẹ̀. Ẹkùn ló ni ọjọ́ Ajé, kìnnìún ló ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, eku ló ni Ọjọ́bọ̀. Olúkúlùkù a lọ sí ìdí ọjọ́ tirẹ̀, a sì bu omi sórí ère tó wà níbẹ̀. Ní àṣà Bọ́mà, ọjọ́ ìbí ló tún máa ń sọ lẹ́tà tí a fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ. Àwa tí a ní Bọ́sẹ̀dé àti Abíọ́dún kò ní pe èyí ní nǹkan àjèjì.

Ọjọ́rú ni wọ́n bí mi. Ọmọkùnrin tó ń mú mi káàkiri béèrè pé, òwúrọ̀ ni àbí ọ̀sán? N kò mọ̀. Mo bá pe ìyá mi ní Ìbàdàn lórí fóònù.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ lẹ bí mi ni àbí ọ̀sán?”

“Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Ọ̀sán gangan ló wà níbí! Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ta ló ń bi ọ́? Àbí o ti dé ọ̀dọ̀ babaláwo níbẹ̀ ni?”

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ọ̀sán ni. Wọ́n ti jáde ilé ìwé nígbà tí mo bí ọ.”

Bí mo ṣe di ọmọ erin tí kò ní eyín nìyẹn, torí erin eléyín ló ni ọjọ́rú òwúrọ̀. Mo bu omi sí i.

Ta ló kọ́ ọ?

Bí ẹ bá bi ará Yangon, ìtàn tí yóò sọ fún yín nìyí. Àwọn oníṣòwò méjì, Tapussa àti Bhallika, tọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n pàdé Búdà ní Íńdíà, wọ́n fún un ní oúnjẹ, òun náà sì fún wọn ní irun orí rẹ̀ mẹ́jọ. Wọ́n gbé irun náà wálé fún ọba wọn, Okkalapa, ó sì kọ́ ilé sí orí Singuttara láti fi í pamọ́. Bí a bá tẹ̀ lé ìtàn yìí, págódà náà ti lé ní 2,500 ọdún. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn gbà pé àwọn ẹ̀yà Mon ló kọ́ ọ, láàárín ọ̀rúndún 6 sí 10 lẹ́yìn ikú Jésù. Bí a ṣe máa ń kọ́ yín nípa Odùduwà náà nìyẹn: ìtàn àtẹnudẹ́nu ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìwádìí ní tirẹ̀. A kì í fi ọ̀kan pa èkejì lẹ́nu mọ́.

Ní ọ̀rúndún 14, ọba Mon kan, Binnya U, gbé págódà náà ga sí nǹkan bí 18 mítà. Ní àárín ọ̀rúndún 15, Shinsawbu jọba. Obìnrin ni. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí ìtẹ́, kì í ṣe ìyàwó ọba lásán. Ó tún gbé e ga sí i, ó tún ilẹ̀ orí òkè ṣe, ó sì fi wúrà tó wọ̀n bí ara rẹ̀ bo págódà náà. Láti ìgbà náà ló ti di àṣà pé kí ọba máa fi wúrà ṣe ìtọrẹ níbẹ̀.

Dhammazedi, ọkọ ọmọ rẹ̀, ló gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣe nǹkan méjì tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè rántí. Ní ọdún 1485, ó fi ìtàn págódà náà sára òkúta ní èdè mẹ́ta: Pali tó jẹ́ èdè ìwé mímọ́, Mon tó jẹ́ èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, àti èdè Bọ́mà. Òkúta náà ṣì wà lórí òkè títí di òní. Nǹkan kejì ni agogo ńlá kan tí ó rọ fún págódà náà. Agogo yẹn ni yóò gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn àjèjì.

Ní ọdún 1768, ìmìtìtì ilẹ̀ bi orí págódà náà wó. Ọba Hsinbyushin tún un mọ, ó sì gbé e dé ibi tó ga dé lónìí.

Àwọn tó wá fi agídí gun òkè

Ará Pọtogí kan, Filipe de Brito, di aláṣẹ ìlú Syriam tó wà ní òdìkejì odò. Ní ọdún 1608, ó gbé agogo Dhammazedi sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ó fẹ́ yọ́ ọ kí ó fi rọ ìbọn àgbá. Agogo náà wúwo ju ọkọ̀ lọ. Ó rì sínú odò, títí di òní kò sí ẹni tó rí i. Ọba Bọ́mà mú de Brito ní ọdún 1613, ó sì pa á.

Lẹ́yìn nǹkan bí igba ọdún, àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1824, nígbà ogun àkọ́kọ́ láàárín wọn àti Bọ́mà, sójà wọn gba òkè náà, wọ́n sọ ọ́ di odi, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Wọ́n gbẹ́ ihò wọ ara págódà. Ní 1825, àwọn náà gbìyànjú láti gbé agogo lọ. Èyí ni agogo Ọba Singu, tó wọn nǹkan bí 23 tọ́ọ̀nù. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Calcutta. Òun náà já bọ́ sínú odò! Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú títí, wọn kò rí i fà sókè. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ará ìlú ní, “Bí a bá yọ ọ́, ṣé tiwa ni?” Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rò pé kò ṣeé ṣe, wọ́n ní ó dáa. Àwọn ará ìlú wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ odò, wọ́n ń so igi ọparun mọ́ agogo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọparun fi pọ̀ débi pé agogo léfòó. Wọ́n gbé e padà sórí òkè. Mo fi igi lù ú fúnra mi. Ohùn rẹ̀ ṣì dùn.

Ogun kejì dé ní 1852. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún gba òkè náà. Ẹ fi ọdún yẹn wé ìtàn tiwa. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì da ìbọn bo Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ jáde. Oṣù mẹ́rin péré ló wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí à ń ka ìtàn Èkó, a máa ń rò pé àwa nìkan ni. Kì í ṣe àwa nìkan.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn sójà kò lọ mọ́. Wọ́n fi apá kan òkè náà ṣe bárékè títí di ọdún 1929. Àwọn ènìyàn ń lọ jọ́sìn, ṣùgbọ́n lójú ìbọn. Ní 1871, Ọba Mindon, tó ṣì ń jọba ní apá òkè ilẹ̀ Bọ́mà, fi hti tuntun tó kún fún òkúta iyebíye ránṣẹ́ láti Mandalay. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba hti náà. Wọn kò gbà kí ọba fúnra rẹ̀ wá gbé e lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ bàtà

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ bàtà. Ní ààfin Bọ́mà, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rí ọba ló ń bọ́ bàtà, tí ó ń jókòó nílẹ̀. Àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn ọdún 1875, ìjọba wọn ní Íńdíà pàṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà mọ́. Mindon kọ̀ jálẹ̀. Láti ìgbà náà, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Mandalay kò fojú kan ọba mọ́. Ní 1885, wọ́n mú Thibaw, ọmọ Mindon, wọ́n kó o lọ sí Íńdíà. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1886, gbogbo Bọ́mà ti di tiwọn.

Ààfin ti lọ, ó ku òkè. Ọmọ Bọ́mà tó bá gun Shwedagon ń bọ́ bàtà. Òyìnbó ń wọ tirẹ̀, ó ń fi í tẹ ilẹ̀ tí àwọn ìyá arúgbó ń forí kanlẹ̀ lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn gbé e mì. Ta ni yóò sọ ọ́, nígbà tí bárékè wà lórí òkè kan náà?

Àwọn ọ̀dọ́ ló sọ ọ́. Ní ọdún 1906, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn agbẹjọ́rò dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ẹlẹ́sìn Búdà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí kọ́kọ́ jẹ́ ti ẹ̀sìn àti ẹ̀kọ́ nìkan. Ìjọba kò kà á sí. Nígbà tó di nǹkan bí 1916, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ bàtà jáde. Ẹ wo ọgbọ́n wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ òmìnira, wọ́n á jù wọ́n sí ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà nínú ilé wa.” Kí ni ìjọba fẹ́ sọ sí i? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Òyìnbó ń ṣí fìlà ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Kí ló dé tí kò lè bọ́ bàtà ní págódà?

Ní ọdún 1919, mọ́ǹkì àgbà kan tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé ńlá, Ledi Sayadaw, kọ ìwé láti fi hàn pé kò tọ́ kí ènìyàn wọ bàtà lórí ilẹ̀ págódà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ní Págódà Eindawya ní Mandalay, àwọn mọ́ǹkì lé àwọn Òyìnbó tó wọ bàtà jáde, ìjà sì ṣẹlẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá mẹ́rin lẹ́bi nínú àwọn mọ́ǹkì náà, wọ́n sì rán olórí wọn, U Kettaya, ní ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹ̀wọ̀n gbére, lórí ọ̀rọ̀ bàtà! Ṣùgbọ́n ìjọba ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ju bàtà lọ. Wọ́n gbà pé àwọn alákòóso págódà kọ̀ọ̀kan ló láṣẹ láti sọ bí ènìyàn yóò ṣe wọ ibẹ̀. Sójà àti ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀.

Kí ni àwọn Òyìnbó ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn yàn láti má lọ sí Shwedagon mọ́, dípò kí wọ́n bọ́ bàtà. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ń gbé inú Rangoon, wọ́n ń rí wúrà náà lójú wíńdò lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ wọn kò sì tẹ̀ ẹ́. Ibi àkọ́kọ́ ní gbogbo ìlú náà tí ọ̀rọ̀ ọmọ Bọ́mà ti borí nìyẹn.

Nítorí náà, ní oṣù kejìlá ọdún 1920, nígbà tí inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí òfin yunifásítì tuntun tí yóò sọ ẹ̀kọ́ gíga di ti àwọn díẹ̀, òkè ni wọ́n lọ. Ní igun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Shwedagon ni wọ́n ti pinnu láti yan kíláàsì lódì. Òpó ìrántí wọn wà níbẹ̀ títí di òní. Ní oṣù kìíní ọdún 1946, Aung San bá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ìdí òkè náà, ó béèrè òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yìnbọn pa á ní 1947, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà àríwá. Bọ́mà gba òmìnira ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1948. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1988, ọmọ rẹ̀, Aung San Suu Kyi, dúró ní ìhà ìwọ̀-oòrùn òkè kan náà, ó bá ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ìjọba tiwa-n-tiwa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, àwọn mọ́ǹkì rìn láti ibẹ̀ wọ ìgboro. Àwọn ọlọ́pàá dí ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn, wọ́n sì lù wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn ológun tún fi ipá gba ìjọba. Ọmọkùnrin tó mú mi káàkiri ní 2018 ti sọ fún mi pé, “Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan dára nílùú, kó wo ẹnu ọ̀nà òkè yìí. Bí sójà bá wà níbẹ̀, nǹkan kò dára.”

Àwọn bàbá wa ní Bọ́mà

Ó ku Bàbá Bọ́mà. Ní 1942, àwọn ará Jàpáànù gba Rangoon lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì wá ènìyàn láti gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Nǹkan bí 90,000 sójà ló ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Agbègbè Arakan, ní ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, ni ọ̀pọ̀ wọn ti jà, nínú igbó àti òjò. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ó fara gbọgbẹ́ ní 1944, àwọn ará abúlé kan tó jẹ́ Mùsùlùmí sì fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ jáde ní Yunifásítì Wisconsin ní ọdún 1999. Ẹ wá a kà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba Myohaung. Ìtumọ̀ Myohaung ní èdè Bọ́mà ni “ìlú àtijọ́”. Mrauk U ni wọ́n ń pè é báyìí. Ìlú ọba ni nígbà kan, ilé ìsìn Búdà sì kún orí àwọn òkè kéékèèké tó yí i ká. Nígbà tí mo ka èyí, mo mọ̀ pé Bàbá Bọ́mà kò parọ́ fún wa. Kì í ṣe Shwedagon ni wọ́n rí, torí sójà tiwa kọ́ ló gba Rangoon. Òkè Arakan ni wọ́n rí. Òfin bàtà kan náà ló sì wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ takisí lọ sí itẹ́ òkú ológun ní Taukkyan, nǹkan bí 30 kìlómítà sí àríwá Yangon. Sàréè tó wà níbẹ̀ lé ní 6,000. Láàárín rẹ̀ ni àwọn òpó gíga wà, tí wọ́n gbẹ́ orúkọ bí 27,000 ènìyàn tí a kò mọ sàréè wọn sí. Mo wá ojú ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí. Orúkọ Háúsá pọ̀ níbẹ̀. Mo rí orúkọ Yorùbá náà, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀, nítorí náà mo ní láti pe òmíràn bí ìgbà mẹ́ta kí n tó mọ bí ìyá tó sọ ọ́ yóò ṣe pè é. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí pé kí ni ìwúlò àmì ohùn, mo rántí yín lọ́jọ́ náà.

Àwọn bàbá wọ̀nyí bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà ní ilẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń bá Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀ bàtà. Bí wọ́n ṣe ń darí wálé, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó jẹ́ tiwọn ní Nàìjíríà.

Àgbálọgbábọ̀

Ó rọrùn láti wo òfin bíi “bọ́ bàtà rẹ” kí á ní àṣà lásán ni. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí ẹ wà ní kíláàsì wa mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tó kéré báyìí ni ìlú kan dì mú nígbà tí wọn kò ní ọba mọ́, tí wọn kò ní ọmọ ogun mọ́, tí agogo wọn ti rì sódò. Ẹni tó ni ilé ló ní kí àlejò bọ́ bàtà. Nítorí náà, ẹni tó bá bọ́ bàtà ti gbà pé ilé náà ní olówó.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní kíláàsì, ọmọ Èkó yẹn béèrè pé, “Olùkọ́, ṣé Bàbá Bọ́mà bọ́ bàtà nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀?” N kò rí èsì fún un. Bàbá ti kú kí n tó gbọ́n tó láti béèrè, ẹ̀rín ni mo fi gbogbo ìgbà náà rín.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín ní sáà tó ń bọ̀ nìyí. Àwọn tó jagun ní Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, ṣùgbọ́n ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn wà nílé, wọ́n sì wà ní ìlú tí ẹ ń gbé níbí náà. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹ kọ orúkọ bàbá náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ní kí wọ́n sọ ohun tí ó máa ń sọ fún wọn nípa Bọ́mà. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín.